Àṣìṣe Inú Ètò Iṣẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Mílíìnì Tuntun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Darí: Bí A Ṣe Ń Wá A Rí

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni àṣìṣe tí ó máa ń wà nínú ètò iṣẹ́ tí a kọ fún ẹ̀rọ mílíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí CNC, pàápàá jù lọ ní àkókò tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Iṣẹ́ mílíìnì fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí púpọ̀ nínú wa. A óò de irin mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ, ọ̀bẹ eléyín púpọ̀ yóò máa yí bírí, tábìlì tàbí ọ̀bẹ yóò sì máa rìn títí irin náà yóò fi dà bí àwòrán tí a yà sórí bébà. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ọwọ́ oníṣẹ́ ni ó ń rin tábìlì. Lórí ẹ̀rọ CNC, mọ́tò ni ó ń rìn ín, ètò tí a kọ sílẹ̀ ni ó sì ń pàṣẹ fún mọ́tò.

Ohun tí ó mú mi yan kókó yìí ni ẹ̀rọ kan tí mo rí ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọn kò tíì lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà tí wọ́n fi tapólì bò ó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó ṣe é, ẹnì kan ní iná mànàmáná ni ó bà á jẹ́, ẹlòmíràn ní àlòkù tí wọ́n kùn lọ́dà ni àwọn tí ó tà á gbé wá, ẹnì kẹta sì ní ẹ̀rọ náà kì í gbọ́ràn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni ó sọnù nínú ètò iṣẹ́ wọn. Àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe sí i ní ibi tí kò yẹ ni ó fọ́ ọ̀bẹ tí ó sì la ẹnu fáìsì. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpín karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ fọ́ ṣì ní ojú rẹ̀ méjèèjì nítorí pé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wà ní títì. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣí i láti yọjú wo iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń fi àwọn ọ̀rọ̀ kan pè. Ètò ni gbogbo àṣẹ tí a kọ fún iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà ni àṣẹ kọ̀ọ̀kan nínú ètò. Ọ̀bẹ ni ohun tí ń gé irin, ìbáà jẹ́ oníhòòhò bíi ti alágbẹ̀dẹ tàbí eléyín. Spíńdù ni ọ̀pá tí ó di ọ̀bẹ mú tí ó sì ń yí i. Ojú òdo ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀nà lára irin. Pọ́íńtì ni àmì kíún tí ó wà láàrin odidi nọ́ḿbà àti ìdá rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn akẹgbẹ́ mi kan yóò fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè pè láàrin ariwo ẹ̀rọ ni mo ń wá.

2. Ibi tí èdè ẹ̀rọ ti ṣẹ̀ wá

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, John T. Parsons àti Frank Stulen ní Traverse City, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà láti ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà kí ó bá ìṣirò mu pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n rí i pé bí a bá ṣírò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà, tí a sì fi nọ́ḿbà wọn rán ẹ̀rọ níṣẹ́, ìyẹn dára ju kí a máa fi ojú wọ̀n ọ́n lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ni ó wá sọ èrò yìí di ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi han gbogbo ènìyàn ní 1952. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ onihò ni wọ́n fi ń rán ẹ̀rọ náà níṣẹ́: bí ihò bá wà níbí, nǹkan kan ni ó túmọ̀ sí, bí kò bá sí, nǹkan mìíràn ni.

Ẹni tí ó bá mọ àrokò kò ní ṣòro fún láti lóye èyí. Ẹni tí ó di owó ẹyọ méjì ní kíkọjú síra ránṣẹ́ ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìpàdé. Bí ó bá di wọ́n ní kíkẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ìjà ni. Owó ẹyọ kan náà ni, okùn kan náà ni. Ẹni tí a fi àrokò rán kò gbọ́dọ̀ yí i padà, kò sì ní sọ fún ẹni tí ó dì í pé, ‘Bàbá, ó dà bí ẹni pé ẹ ṣèèṣì di èyí.’ Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ CNC ṣe ń jíṣẹ́.

Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ EIA ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà RS-274 jáde, àjọ ISO náà sì gbé ISO 6983 jáde ní 1982, kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ lè máa sọ èdè kan. Ṣùgbọ́n ìlànà wọ̀nyí fi àyè sílẹ̀ fún oníkálukú láti fi àwọn nọ́ḿbà kan ṣe ohun tí ó wù ú. Nítorí náà ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó wà láàrin Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀yọ́. Lórí ẹ̀rọ tí Fanuc ṣe ọpọlọ rẹ̀, G21 ni a fi ń sọ pé mìlímítà ni a ń lò, G20 sì ni ti ínǹṣì; lórí ti Siemens, G71 àti G70 ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Heidenhain ti ilẹ̀ Jámánì tilẹ̀ ní èdè tirẹ̀ tí kò jọ ti G rárá. Ẹni tí ó bá gbé ètò láti ara ẹ̀rọ ògbólógbòó lọ sára ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀ka-èdè tí ẹ̀rọ tuntun náà ń sọ. Ohun tí n ó sọ láti ibí lọ, ti irú Fanuc ni, nítorí òun àti àwọn tí ó fara jọ ọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù lọ.

3. Àpẹẹrẹ ètò kan

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kékeré kan. A ní alumíníọ̀mù tí ó gùn ní 80 mìlímítà, a sì fẹ́ gbẹ́ ojú poro kan tí ó jinlẹ̀ ní mìlímítà 2 sí àárín rẹ̀ láti ìbú kan dé èkejì. Ọ̀bẹ wa fẹ̀ ní mìlímítà 12, ó sì ní eyín mẹ́rin. Ojú òdo wà ní òkè irin náà, ní ìpẹ̀kun apá òsì, ní àárín gbùngbùn ìbú rẹ̀.

%
O1001
N10 G21 G17 G40 G49 G80 G90
N20 T1 M06
N30 G54 G00 X-20. Y0.
N40 S1200 M03
N50 G43 H1 Z50. M08
N60 Z5.
N70 G01 Z-2. F100
N80 X100. F240
N90 G00 Z50. M09
N100 M05
N110 G91 G28 Z0.
N120 M30
%

G00 ni kí ọ̀bẹ sáré dé ibi tí a sọ láìgé nǹkan kan. G01 ni kí ó máa gé lọ ní ọ̀nà títọ́. T1 àti M06 ni kí ẹ̀rọ mú ọ̀bẹ kìn-ín-ní, S1200 àti M03 ni kí spíńdù yí ní ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú kan bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. M08 ń tú omi tí ń mú ọ̀bẹ tutù, M09 ń dá a dúró. G54 ń sọ ibi tí ojú òdo wà. G43 àti H1 ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ka gígùn ọ̀bẹ kìn-ín-ní mọ́ ìṣirò. F240 kò ti ojú ọ̀run já bọ́: eyín mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bu 0.05 mìlímítà jẹ, kí ó yí ní ìgbà 1200, ó di mìlímítà 240 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìlà N10 ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fò jù lọ, nítorí pé wọn kò rí ohun tí ẹ̀rọ ṣe nígbà tí ó kà á. Bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀ṣọ́ gbogbo ètò náà. Ọ̀pọ̀ àṣẹ inú èdè yìí dà bí aṣọ: bí a bá ti wọ̀ ọ́, ó wà lọ́rùn títí a ó fi bọ́ ọ tàbí tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìlà N110. G91 tí ó wà níbẹ̀ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó máa wọn ọ̀nà láti ibi tí ó bá wà, kì í ṣe láti ojú òdo mọ́. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, M30 tí ó parí ètò yóò bọ́ aṣọ náà. Lórí òmíràn, kò ní bọ́ ọ. Bí ètò tí ó tẹ̀ lé e kò bá wá sọ G90 ní ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ ẹlòmíràn ni yóò wọ̀ ṣiṣẹ́.

4. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ kọ̀

Àṣìṣe kan wà tí ẹ̀rọ kò ní gbà. Yóò dúró, yóò tan iná pupa, yóò sì kọ nọ́ḿbà sójú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rù irú èyí, wọn a sì máa tẹ bọ́tìnnì kí ìkìlọ̀ náà lè kúrò kíákíá. Ní tèmi, òun ni ó dára jù nínú gbogbo àṣìṣe, nítorí ọ̀tá tí ó bá wọlé pẹ̀lú ariwo ni.

Púpọ̀ nínú wọn kò le. Ẹnì kan kọ lẹ́tà O níbi tí òdo yẹ kí ó wà. Ẹnì kan kọ G tí ẹ̀rọ yìí kò mọ̀. Fanuc yóò kọ nọ́ḿbà 010. Ẹnì kan ní kí ẹ̀rọ máa gé lọ ṣùgbọ́n kò sọ bí yóò ti yára tó, 011 nìyẹn. Àwọn yìí, kíkà lásán ni ó ń tú wọn fó.

Èyí tí ó máa ń gba àkókò ni 020, tí ó jẹ mọ́ gígé ní ọ̀nà róbótó. Nígbà tí a bá fẹ́ gé ìdá kan nínú òbìrí, G02 ni ti ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí, G03 ni òdìkejì rẹ̀. A óò sọ ibi tí ọ̀bẹ yóò dé, a óò sì fi I àti J sọ ibi tí àárín òbìrí wà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé X àti Y ni a ń wọ̀n láti ojú òdo, ṣùgbọ́n I àti J ni a ń wọ̀n láti ibi tí ọ̀bẹ ti gbéra. Bí ọ̀bẹ bá wà ní X10. Y0., tí ó ń lọ sí X30. Y20., tí àárín òbìrí sì wà ní X30. Y0., I gbọ́dọ̀ jẹ́ 20., nítorí láti 10 dé 30 jẹ́ 20. Ẹni tí kò bá rántí yóò kọ I30. Ẹ̀rọ yóò wá gbé àárín òbìrí lọ sí X40. Láti ibẹ̀ dé ibi ìgbéra jẹ́ 30, láti ibẹ̀ dé ibi tí a ń lọ jẹ́ 22.36. Kò sí òbìrí tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí rẹ̀ ní ìwọ̀n méjì. Ẹ̀rọ jàre láti kọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí ìgbéra bá bọ́ sí X0. Y0., méjèèjì yóò dọ́gba, àṣìṣe náà kò sì ní hàn. Ìdí nìyí tí ọmọ iṣẹ́ fi lè kọ ọ́ báyìí fún ọdún kan gbáko kí ó tó kan ìgò.

Nọ́ḿbà 034 àti 041 jẹ mọ́ G41 àti G42, àwọn àṣẹ tí ń mú kí ọ̀bẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ìwọ̀n ìdajì ìbú rẹ̀. 034 ń sọ pé a bẹ̀rẹ̀ tàbí a parí yíyà náà lórí ọ̀nà róbótó, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà títọ́ ni ó ń fẹ́. 041 ń sọ pé ọ̀bẹ yóò jẹ ibi tí kò yẹ kí ó jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀bẹ ni ó tóbi ju igun tí a ní kí ó wọ̀ lọ.

Ohun kan ni kí a má gbàgbé. Ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń ka ìlà bíi mélòó kan síwájú kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀. Nítorí náà ìlà tí ó tàn lójú ẹ̀rọ nígbà tí ó dúró lè má jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí a wo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

5. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ gbà

Èyí ni olórí ọ̀rọ̀. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ bá kọ̀ kò fọ́ ọ̀bẹ rí. Àṣìṣe tí ó gbà, tí ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí, òun ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

Gbogbo wa tí a ń kọ èdè Yorùbá mọ ohun tí àmì ohùn ń ṣe. Ọkọ ń bẹ nílé, ọkọ́ ń bẹ lóko, ọkọ̀ ń bẹ ní títì. Bí a bá yọ àmì kúrò, ẹni tí ń kà á ni yóò máa fi ọgbọ́n gbé e. Ẹ̀rọ kò ní ọgbọ́n yẹn. Lórí Fanuc tí a tò bí wọ́n ti sábà máa ń tò ó, X10. tí ó ní pọ́íńtì jẹ́ mìlímítà mẹ́wàá. X10 tí kò ní pọ́íńtì jẹ́ mẹ́wàá nínú ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ mọ̀, ìyẹn 0.010 mìlímítà. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ìkan fi ju ìkejì lọ. Ẹ̀rọ mìíràn sì wà tí a tò kí ó máa ka X10 sí mìlímítà mẹ́wàá bí kò tilẹ̀ ní pọ́íńtì, èyí ni ó fi jẹ́ pé ètò kan náà lè dára lórí ẹ̀rọ àná kí ó sì di ewu lórí ẹ̀rọ òní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí mo sọ nìyí. Ètò wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ sókè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ fi pọ́íńtì sí X àti Y, kò fi sí Z ní ìlà tí ọ̀bẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀: Z50, Z5, Z-2. Ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìta irin títí ó fi ku 0.05 mìlímítà sí òkè irin, ó tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ síi, ó wá gba orí irin kọjá ní jíjìn 0.002 mìlímítà. Irun orí ènìyàn kan nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ojú irin kàn dán ni. Ìkìlọ̀ kankan kò jáde.

Ọ̀gá wọn wo irin, ó wo ẹ̀rọ, ó ní ọ̀bẹ kò dé ìsàlẹ̀ tó, nítorí náà a kò wọn gígùn rẹ̀ dáadáa. Ó dín nọ́ḿbà H1 kù ní mìlímítà méjì. Wọ́n tún ètò náà sáré, ojú poro sì jáde ní mìlímítà méjì geerege. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n gé ogún irin lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ ètò mìíràn fún iṣẹ́ mìíràn, ọ̀bẹ kìn-ín-ní kan náà ni wọ́n sì lò. Ẹni tí ó kọ èyí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo pọ́íńtì rẹ̀ pé. Ó ní kí ọ̀bẹ sáré kọjá lókè irin ní Z1., ìyẹn mìlímítà kan sí ojú irin. Ṣùgbọ́n H1 ti parọ́ ní mìlímítà méjì. Mìlímítà kan nínú irin ni ọ̀bẹ gbà, kì í ṣe ní eré ìgé, bí kò ṣe ní eré G00. Ọ̀bẹ fọ́, ẹnu fáìsì là, wọ́n sì dá ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi. Ní ojú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ kì í ṣe pọ́íńtì tí ó sọnù, nítorí ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí a tún nǹkan tí kò bàjẹ́ ṣe, tí iṣẹ́ sì dára fún ọjọ́ kan, ni a sin àṣìṣe náà síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wá a dé.

Àwọn àṣìṣe mìíràn tí ó jẹ́ ẹbí èyí kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Bí ètò bá mú ọ̀bẹ kejì, T2, ṣùgbọ́n tí ó pe H1, tí ọ̀bẹ kejì sì fi 40 mìlímítà gùn ju ti ìkíní lọ, 40 mìlímítà náà ni yóò fi jìn ju ibi tí a rò lọ. Bí a bá gbàgbé G43 pátápátá, ẹ̀rọ yóò máa ṣe bí ẹni pé kò sí ọ̀bẹ lẹ́nu spíńdù. Ìbú ọ̀bẹ tí a kọ sínú ìwé D náà ní ọ̀fìn tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kan ń fẹ́ ìdajì ìbú, òmíràn ń fẹ́ odidi ìbú. Bí a bá kọ 12 fún èyí tí ń fẹ́ 6, irin tí a ń gé ní ẹ̀gbẹ́ ìta yóò fi mìlímítà mẹ́fà tóbi ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣe é tún gé.

Ti ínǹṣì àti mìlímítà ní ohun ìyanu kan nínú. Ínǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Bí ẹ̀rọ bá wà ní G20 tí ètò kò sì sọ G21, X100. yóò di mìlímítà 2540, ẹ̀rọ yóò sì sọ pé tábìlì òun kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ńlá gbà wá là. X10. ńkọ́? Mìlímítà 254 ni, tábìlì ẹ̀rọ púpọ̀ sì lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ní ìkẹyìn ìpín yìí, ọ̀pọ̀ ètò òde òní kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ ọ́. A óò ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ògbufọ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n ń pè ní post-processor, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ. Bí ògbufọ̀ bá ń túmọ̀ fún ẹ̀ka-èdè mìíràn, àṣìṣe kan náà yóò máa yọjú nínú gbogbo ètò. Mo ti rí ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ tún ìlà kan náà ṣe láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ògbufọ̀ ni kí a tún ṣe.

6. Okùn, iná àti bátìrì

Ètò lè dára lórí kọ̀ǹpútà kí ó má dára mọ́ nígbà tí ó bá dé inú ẹ̀rọ. Níbi tí a bá ti ń lo okùn RS-232, tí ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí ń ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí bí ọ̀rọ̀ yóò ti yára tó àti bí a ó ti ṣọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, lẹ́tà yóò sọnù tàbí kí ó yí padà. Okùn tí ó gùn jù, tàbí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wẹ́dà kọjá, lè ṣe irú èyí. Ọ̀nà àti mọ̀ kò le: kí a dá ètò náà padà láti inú ẹ̀rọ sí kọ̀ǹpútà, kí a sì fi wé ti àkọ́kọ́.

Iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ni tiwa. Nígbà tí iná bá lọ láàrin iṣẹ́, gbogbo aṣọ tí ètò wọ̀ fún ẹ̀rọ ti bọ́. Bí iná bá dé tí ọmọ iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà N80 nítorí pé ibẹ̀ ni ó dé, spíńdù lè má máa yí, G43 kò sí mọ́, ọ̀bẹ sì lè ṣì wà nínú irin. Kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé ọ̀bẹ kúrò nínú irin. Kí ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí, bí ètò bá gùn, láti ìlà tí ó mú ọ̀bẹ náà. Yóò gé afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í fọ́ ọ̀bẹ.

Ti bátìrì ni àwọn ènìyàn kò mọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bátìrì kékeré ni ó ń tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ nípa ara rẹ̀ nígbà tí iná kò bá sí. Ẹ̀rọ tí a bò mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ láìtan iná sí i ń jẹ bátìrì náà lọ ni. Bí ó bá kú, ẹ̀rọ yóò jí bí ọmọ tuntun tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí a pààrọ̀ bátìrì nígbà tí iná ẹ̀rọ wà ní títàn, kí a sì ti kọ gbogbo nọ́ḿbà inú rẹ̀ pamọ́ láti ọjọ́ tí ó bá ti dé.

7. Bí a ṣe ń dán ètò tuntun wò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò gba iná. Kí ẹni méjì jókòó, kí ọ̀kan máa ka ètò sókè, kí èkejì máa fi ìka tọ ọ̀nà ọ̀bẹ lórí àwòrán. Kí ẹni tí ń kà pe pọ́íńtì ní ẹnu. Ó jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà tí ó tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rí pọ́íńtì tí ó sọnù. Lẹ́yìn èyí, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ọ̀nà náà sójú ara rẹ̀ bí ó bá lè ṣe é. Àwòrán yìí yóò fi X àti Y tí ó ṣìnà hàn. Kò ní fi H1 tí ó parọ́ hàn, nítorí kò mọ gígùn tí ọ̀bẹ ní gan-an.

Nítorí náà a óò gbé ojú òdo Z sókè ní 100 mìlímítà, kí gbogbo ìrìn ọ̀bẹ lè wáyé lójú afẹ́fẹ́. A óò ní kí ẹ̀rọ máa ṣe ìlà kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dúró de ọwọ́ wa. A óò dín eré G00 kù dé ibi tí ó kéré jù, ọwọ́ òsì yóò sì wà lórí bọ́tìnnì ìdádúró. Bí ó bá parí láìṣìnà, a óò dá ojú òdo padà sí ipò rẹ̀, a óò tún bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ojú ẹ̀rọ máa ń fi ọ̀nà tí ó kù kí ọ̀bẹ dé ibi tí a rán an hàn. Èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ohun gbogbo lọ. Nígbà tí ọ̀bẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Z5., a óò dá a dúró ní agbedeméjì. Bí ojú ẹ̀rọ bá ní ó ku 20, láti ẹnu ọ̀bẹ dé ojú irin gbọ́dọ̀ jẹ́ 25, nítorí 5 ni yóò kù lẹ́yìn tí ó bá dé. Kí a fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ 23, ẹnì kan ti fọwọ́ kan H1. Ìṣẹ́jú kan péré ni rúlà yìí ì bá gbà ní ilé-iṣẹ́ tí a ń sọ, fáìsì wọn ì bá sì wà láìlà.

Bí a bá rí àṣìṣe, nǹkan kan ṣoṣo ni kí a yí padà kí a tó tún un dán wò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, ìlà, ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀, àti ẹni tí ó ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé iṣẹ́ irú èyí ti le jù fún ọmọ iṣẹ́, kí a máa dúró de ẹni tí yóò wá láti òkè òkun. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí yóò wá láti òkè òkun, rúlà kan náà ni yóò mú dání.

A lè kọ àlàyé sínú ètò fúnra rẹ̀, láàrin àkámọ́, ẹ̀rọ kò sì ní kà á sí àṣẹ. Mo máa ń gba àwọn ọmọ iṣẹ́ níyànjú kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ kò mọ̀ ju lẹ́tà ńlá lọ, kò gba àmì ohùn, kò gba àmì ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lè fọ́ ọ̀bẹ nítorí pọ́íńtì kan ni kò wá gba pọ́íńtì tiwa. (OBE 12MM) ni a ó máa kọ. Ẹni tí ó bá kà á ni yóò fi ohùn sí i.

Ní ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ṣí tapólì ní oṣù kẹsàn-án. Bátìrì ti kú, ó sì gba ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dá nọ́ḿbà ẹ̀rọ padà láti inú ìwé tí ó bá a wá. Wọ́n wọn gígùn ọ̀bẹ gbogbo lákọ̀tun. Ojú poro tí ọ̀bẹ ń gé ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi gé e lójú afẹ́fẹ́, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, tí ọmọ iṣẹ́ ń ka pọ́íńtì sókè tí ọ̀gá rẹ̀ sì di rúlà mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó de alumíníọ̀mù mọ́ ẹnu fáìsì tuntun.